Ẹnu Kò Bá Orin Mu: Ìdáhùn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ya Fídíò Orin Pẹ̀lú Owó Táṣẹ́rẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀ ni mò ń kọ́. Àwa mẹ́rin la jọ ya fídíò orin fún ọmọ kíláàsì wa kan tó ń kọrin, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin. ₦120,000 la rí dá jọ. A fi ₦45,000 háyà mọ́tò, a san ₦30,000 fún ẹni tó ní dúróònù, ìyókù bá oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti aṣọ lọ. Fóònù la fi yà á. Nígbà tí a gbé e hàn ní kíláàsì, ẹ̀rín ni wọ́n fi wá rín. Ẹnu olórin kò bá orin mu lápá ìparí, ọwọ́ onígángan kò bá ìlù mu, ihò ojú wọn dúdú níbi tí oòrùn ti mú, apá alẹ́ sì ń ṣẹ́jú ṣáá. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n yìn ni ibi tí onígángan ti ń lùlù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀. Olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ àròjinlẹ̀ lórí iṣẹ́ náà, ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ pé owó kò tó, wọ́n mú iná lọ, àkókò sì há mọ́ wa. Ó dá a padà, ó ní àwíjàre ni. Ẹ̀gbọ́n, kí ló fẹ́ kí n kọ gan-an? Ṣé irọ́ ni pé owó kò tó ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, irọ́ kọ́. Owó kò tó lóòótọ́, ẹni tó bá sì ti ya fídíò orin rí nílẹ̀ yìí mọ bí ₦120,000 ṣe ń yára tán. Ṣùgbọ́n tún ọ̀rọ̀ ara rẹ kà. Fóònù tí ẹ fi ya ibi tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín náà lẹ fi ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n yìn. Ọjọ́ kan náà ni, àwọn èèyàn kan náà ni, àpò tó ti gbẹ kan náà ni. Bó bá jẹ́ àìtó owó ló ba fídíò yìí jẹ́, kí ló dé tí kò ba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́? Ìyà kan náà ló jẹ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ apá kan yè é. Ìbéèrè yìí ni olùkọ́ rẹ ń retí kí o bi ara rẹ, òun ni o sì fi “owó kò tó” bò mọ́lẹ̀.

Mo ti wo fídíò náà, mo sì ti ka ètò ọjọ́ yẹn tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Lójú tèmi, mọ́tò tí ẹ háyà ló ba ẹnu ọmọbìnrin yẹn jẹ́ níparí orin. Má tíì rẹ́rìn-ín. Tẹ̀ lé mi díẹ̀.

Ètò yín ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò dé nígbà tí aago mọ́kànlá ku díẹ̀, olówó rẹ̀ sì ní kò gbọdọ̀ kọjá aago méjì lọ́wọ́ yín. Láti mẹ́jọ sí mọ́kànlá, ẹ jókòó, ẹ ń dúró dè é. Oòrùn àárọ̀, tó máa ń fẹ̀gbẹ́ wọlé sójú èèyàn, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ń ràn sára ògiri lásán. Nígbà tí mọ́tò wá dé, ẹ kó apá tó pọ̀ jù nínú orin síwájú rẹ̀ kí ₦45,000 má bàa ṣòfò. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó sọ lọ́jọ́ yẹn pé “ẹ jẹ́ ká pinnu pé ọ̀sán gangan la máa ya ojú olórin wa”. Ṣùgbọ́n ẹ ti pinnu ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sanwó mọ́tò.

Ohun tí ọ̀sán gangan oṣù kẹrin sì ń ṣe ní Ìbàdàn kò dà bíi ti oṣù mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dé ọ̀gangan àtàrí wa: ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Lákòókò yẹn, bó bá di ọ̀sán, òjìji èèyàn kì í jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ láti òkè tààrà báyìí á tàn sí iwájú orí àti orí imú, á sì fi ihò ojú sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Fóònù rí iwájú orí tó ń dán, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán kù, awọ ara tó ń dán gbinrin lójú wa wá dà bí eérú lójú kámẹ́rà. Pátákó fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, bí ẹnì kan bá gbé e sí ìsàlẹ̀ àyà olórin, ì bá ti dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú rẹ̀. Abẹ́ igi ì bá tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé mọ́tò tí wọ́n háyà lọ sábẹ́ igi? Dídán rẹ̀ lẹ sanwó fún.

(Mi ò bá yín wí tán lórí mọ́tò náà ṣá. Láti ayé kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni àwọn olórin jùjú àti fújì wa ti ń dúró ti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, tàbí ìdí odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú agbádá. Ó ti di ara ohun tí ojú wa ń retí. Àmọ́ mọ́tò tó ní aago ìdápadà lọ́rùn kì í jẹ́ kí olórin rẹ́rìn-ín dé eyín, ó sì hàn lójú tiyín.)

Ó wá di aago méjì. Ẹni tó lọ dá mọ́tò padà ni ẹni tó ni fóònù. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú àlàyé rẹ kí n tó gbà á gbọ́. Aago márùn-ún ló tó padà wọlé. Ẹ ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, nígbà tí ẹ ń dúró de ẹni tó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Ẹsẹ kejì àti ègbè ìparí, tí ètò yín fi sí aago mẹ́ta ọ̀sán, wá bọ́ sí aago méje alẹ́ níwájú ìsọ̀, lábẹ́ gílóòbù méjì.

Ibí yìí ni ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kúrò lára orin. Fóònù máa ń ṣe nǹkan kan tí wọn kì í sọ fún ẹni tó rà á. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dín iye àwòrán tí wọ́n ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rí ìmọ́lẹ̀ gbà dáadáa. 30 lẹ fi sí. Lọ́sàn-án, 30 náà ni. Lálẹ́, ó lè jẹ́ 30, kó rọ̀ sí 27, kó rọ̀ sí 24, kó tún gòkè nígbà tí olórin bá súnmọ́ gílóòbù. Ọ̀pọ̀ ètò tí a fi ń ṣe ẹ́díìtì sì máa ń kà á bí ẹni pé iye kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nítorí náà ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bára mu, ìlà kejì ń fà díẹ̀, nígbà tó bá fi máa dé ègbè, olórin ti pa ẹnu dé, ohùn rẹ̀ ṣì ń lọ.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé òun ni, tí kì í ṣe nǹkan mìíràn? Bí ẹnu bá ṣì orin láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, tí àlàfo náà kò pọ̀ sí i tí kò dín, ẹni tó to ohùn mọ́ àwòrán ló ṣì í tò. Kó sún un díẹ̀, ó parí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó wá ń fẹ̀ sí i, nǹkan méjì ló máa ń fà á. Àkọ́kọ́ ni ohun tí mo sọ yìí. Èkejì ni kí ẹni tó po orin náà ti yí ìyára rẹ̀ padà lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ yà á, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ olórin, nítorí orin wọn kì í tán lórí kọ̀ǹpútà. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kúrò ní ìlù 104 ní ìṣẹ́jú kan, tó bọ́ sí 106, á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ààbọ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n nínú tiyín, ẹnu olórin bá orin mu délẹ̀ ní gbogbo apá ọ̀sán, apá alẹ́ nìkan ló ń yọ̀, orin kan náà ló sì wà lábẹ́ méjèèjì. Orin kọ́, òkùnkùn ni. Bí o bá fẹ́ ẹ̀rí tí o lè fi síwájú olùkọ́ rẹ, wa ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní MediaInfo, kí o gbé fáìlì alẹ́ náà sínú rẹ̀. Wo ibi tó kọ Frame rate mode sí. Bó bá kọ Variable síbẹ̀, ìyẹn ni pé iye àwòrán náà ń yí, ẹ̀rí kan ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Fáìlì kan náà á sọ aago tí ẹ yà á fún ọ pẹ̀lú.

Nígbà tí o bá ń yẹ ẹnu wò, má wo gbogbo ọ̀rọ̀. Ibi tí ẹnu ti ń pa dé pátápátá ni kí o wò: b, m, p, gb. Tiwa rọrùn, torí p àti gb tí Yorùbá ń pè máa ń pa ètè méjèèjì pọ̀ gbàgà, wọ́n sì pọ̀ nínú orin tó ní àdúrà nínú. Dá fídíò dúró síbẹ̀, kí o tẹ̀ síwájú ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí ètè bá ṣì ṣí nígbà tí “gb” ti dún, o ti rí i.

Ọ̀rọ̀ onígángan yàtọ̀ pátápátá, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìbéèrè rẹ, torí ọ̀sán ni ẹ yà á, kò sí òkùnkùn láti di ẹ̀bi rù. Ó ń jó bọ̀ láti ìpẹ̀kun àdúgbò, sípíkà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Mo fojú díwọ̀n rẹ̀, ó tó ogún mítà. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 nínú atẹ́gùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó túmọ̀ sí pé orin náà gba nǹkan bí ìdá 58 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé etí rẹ̀. Ó gbọ́ ọ pẹ́, ó wá lù ú pẹ́. Fóònù ní tirẹ̀ gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, torí sípíkà wà létí rẹ̀. Nígbà tí ẹ fi ohùn tí fóònù gbà to àwòrán mọ́ orin, kọ̀ǹgọ́ bá ń balẹ̀ lẹ́yìn tí ìlù ti dún.

O lè ní ìdá 58 nínú ẹgbẹ̀rún, kí ló jẹ́? Ó jẹ́ nǹkan. Àjọ ITU, tó ń gbé ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé, sọ ọ́ nínú ìlànà wọn fún tẹlifíṣọ̀n pé bí ohùn bá fi nǹkan bí 45 nínú ẹgbẹ̀rún ṣáájú àwòrán, òǹwòran ti ń fura. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń bọ̀, ó lè tó 125 kó tó hàn sí i. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Láti kékeré la ti ń rí ẹni tó ń gégi lókèèrè, àáké á balẹ̀, a ó wá gbọ́ ọ. Ohùn tó pẹ́ kì í ya ojú lẹ́nu. Èyí tó ṣáájú ni ara kì í gbà, tiyín sì ṣáájú. Ìlù sì le ju ẹnu lọ, torí kọ̀ǹgọ́ ní ibi tó ti kan awọ, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ní òun kò rí i.

Kò gbowó láti tún èyí ṣe. Gbé sípíkà sún mọ́ ẹni tó ń jó, kó wà níbi tí kámẹ́rà kò ti ní rí i. Èyí tí ẹ ti yà ná, jẹ́ kí àwòrán náà tètè wọlé ju ohùn lọ ní méjì nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí o sì gé e kí onígángan tó súnmọ́ tòsí, torí bó ṣe ń bọ̀ ni àlàfo náà ń dín kù.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ kíláàsì yín lè má rí, tí bàbá onígángan rí láìsí àní-àní. Gángan ń sọ̀rọ̀. Nínú orin, ó sọ ohun kan; níbi tó ti ń jó bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ tẹ ọsán níbi tí ohùn ìlù ti wálẹ̀, ó dẹ ọsán níbi tí ohùn ti gòkè, òdìkejì bó ṣe yẹ. Ijó ló gbájú mọ́. Ẹ ní kó jó, kò sẹ́ni tó ní kó lù ú bó ṣe lù ú ní sítúdíò.

Ẹ wá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ti rẹlẹ̀, ó ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Sípíkà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó, kò ní ibi tó ń lọ, ó sì ń lu ohun tó lù nínú orin gan-an nítorí pé bàbá rẹ̀ jókòó níbẹ̀ ń gbọ́. Ẹ kò gé e. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ó fi gbójú sókè fúnra rẹ̀. Kò sí ohun kan nínú àwòrán yẹn tí ẹ sanwó fún, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ ń fi agbára mú òǹwòran wò. Bó bá jẹ́ èmi ni olùkọ́ yín, ìdajì máàkì àròjinlẹ̀ yìí ni màá fi sí ẹni tó bá lè ṣàlàyé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìwọ kò dárúkọ rẹ̀ rárá nínú èyí tí o kọ́kọ́ kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni àròjinlẹ̀, wọ́n á to gbogbo àbùkù sílẹ̀, wọ́n á gbàgbé pé ohun tó bọ́ sí i náà ní ìdí.

Apá tó ń ṣẹ́jú, kí n yára sọ ọ́. Iná mànàmáná wa ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú sì ń tàn, ó ń rọ̀, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ojú wa kò rí i, kámẹ́rà ń rí i bí shutter rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, kò bá bá a rìn. Ètò fóònù ọ̀fẹ́ tó máa jẹ́ kí o fi shutter sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá á yanjú rẹ̀ nígbà tí iná ìjọba bá wà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò ṣe é gbọ́kàn lé tó bẹ́ẹ̀, torí bí ẹnì kan bá ki fíríìjì mọ́ ọn báyìí, ìyára ẹ́ńjìnì á yí, ìyẹn 50 náà á yí pẹ̀lú rẹ̀. Iná tó ń lo bátìrì, tí ẹ kò dín agbára rẹ̀ kù, ló sàn jù lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wò ó lójú fóònù kí olórin tó wọṣọ. Èyí tí ẹ ti yà kò ní àtúnṣe gidi, ẹ gé e dànù.

Dúróònù ńkọ́? ₦30,000 fún ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, mo kà á. Òrùlé Ìbàdàn ni ẹ fẹ́ fi hàn, mo sì gbà pé ó yẹ ní fífi hàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1936 ni ilé ìṣọ́ Bower ti wà lórí Òkè Àárẹ, èyí tí àwa ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo, gíga rẹ̀ tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, orí òkè ló sì tún dúró lé. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ gbé fóònù lé ògiri rẹ̀ kí ó má bàa gbọ̀n, gbogbo páànù pupa rẹ́súrẹ́sú ìlú á tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín. Dúróònù sì ní òfin tirẹ̀ nílẹ̀ yìí: ó ní àṣẹ tí NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, ń fúnni, ó tún ní ìwé tí ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò ń fọwọ́ sí. Mi ò rò pé ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbà bóyá ó ní wọn. Fi ìyẹn náà sínú ohun tí o máa kọ.

Ó wù mí kí o mọ̀ pé ẹnu olórin kò fi dandan gbọ́dọ̀ máa lọ nínú fídíò orin. Ní ọdún 1965, D. A. Pennebaker, ayàfíìmù, gbé kámẹ́rà ka olórin Bob Dylan níwájú ní ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì Savoy ní Lọ́ńdọ̀nù. Dylan kò kọrin níbẹ̀ rárá. Ó dúró gbagidi, ó mú àwọn páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin sí dání, ó ń ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí orin ṣe ń lọ, kámẹ́rà kan, láìgé e. Ní ọdún 2006, ẹgbẹ́ olórin OK Go jó lórí ẹ̀rọ eré sísá mẹ́jọ, kámẹ́rà kan náà ni, wọn kò gé e, gbogbo ayé ló wò ó. Ṣé o rí i? Kì í ṣe pé wọ́n fi ọgbọ́n bo àìlówó mọ́lẹ̀. Wọ́n mú ohun kan tí wọ́n lè ṣe dáadáa, wọ́n sì gbájú mọ́ ọn. Tiyín ì bá jẹ́ onígángan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí olórin máa kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kó jókòó tì í níbi ègbè. Mo lè rí i lójú mi.

Ó ku bí o ṣe máa kọ ọ́. Donald Schön, tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1983, tí ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ yín ti dárúkọ rẹ̀, ya ìrònú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sí méjì: èyí tó ń rò nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àti èyí tó ń rò nígbà tí iṣẹ́ ti tán. Ọ̀pọ̀ yín kì í kọ àkọ́kọ́. Kí ni ìwọ rò nígbà tí aago mẹ́wàá lù tí mọ́tò kò tíì dé? Ṣé ẹnì kan sọ pé “ẹ jẹ́ ká ya nǹkan mìíràn ná”? Ta ló dá a lóhùn, kí ló sọ? Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp láàárọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Lọ kà á. Ẹ̀rí ni, ó sì dára ju ohun tí o rántí lọ.

Má kọ ọ́ bí ìtàn ọjọ́ yẹn láti àárọ̀ dé alẹ́. Mú ibi mẹ́ta nínú fídíò náà, kí o kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá wọn sílẹ̀: ègbè ìparí, onígángan tó ń jó bọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ibi kọ̀ọ̀kan, máa rìn padà sẹ́yìn títí o fi máa kan ìpinnu tó bí i. Dípò “àkókò há mọ́ wa”, o lè kọ ọ́ báyìí: “Ègbè ìparí yọ̀ kúrò lára orin nítorí pé alẹ́ la yà á, fóònù sì dín iye àwòrán rẹ̀ kù. Alẹ́ la yà á nítorí pé ẹni tó ni fóònù bá mọ́tò lọ. A háyà mọ́tò nítorí pé a rò pé fídíò tí kò ní mọ́tò kò ní jọ ti àwọn àgbà, a kò sì béèrè lọ́wọ́ olórin bóyá orin rẹ̀ fẹ́ mọ́tò.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló máa dùn ún kọ, ṣùgbọ́n òun ni olùkọ́ rẹ ń wá. Lẹ́yìn rẹ̀, kọ ohun tí o máa ṣe tó ṣeé dán wò. “Màá wá owó sí i” kò ṣeé dán wò. “Màá ya ìṣẹ́jú kan lálẹ́ níwájú ìsọ̀ náà ní ọjọ́ tó ṣáájú, màá gbé e sínú MediaInfo” ṣeé dán wò.

Ohun kan tún wà. Nínú gbogbo bí o ṣe ròyìn iṣẹ́ náà fún mi, “a” ni ṣáá: a háyà, a san, a yà. Ìgbà kan tí “mo” wọlé ni ìgbà tí o dé orí ìwé tí o kọ. Ìwọ kí lo ṣe níbẹ̀? Ṣé ìwọ lo to ètò ni, àbí ìwọ lo ṣe ẹ́díìtì? Bó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe ẹ́díìtì, o rí i kó tó dé kíláàsì pé ẹnu ń yọ̀. Kí ló dé tí o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Bóyá ó ti rẹ̀ ọ́, bóyá o rò pé wọn kò ní rí i. Kọ ọ́. Máàkì tìrẹ ni, kálukú ló ń kọ tirẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tún fídíò náà ṣe kí ẹ tó fi sílẹ̀, ẹ fi HandBrake, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sọ àwọn fáìlì alẹ́ di Constant Framerate, ìyẹn iye àwòrán tí kì í yí, kí ẹ tó dá wọn padà sínú ẹ́díìtì. Bí ó bá ṣì ń yọ̀, ẹ gé ègbè náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ to ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ orin lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ onígángan láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bo àárín wọn. DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ tó iṣẹ́ yìí ṣe bí kọ̀ǹpútà bá lágbára, bí kò bá lágbára, CapCut náà á gbé e.

Kí ẹ tó gbé e sí YouTube, béèrè lọ́wọ́ olórin yín níbi tó ti rí ìlù tó kọrin lé. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ “free” sí lára ló wà á sílẹ̀, kó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà kí ẹ fi pawó, Content ID, ètò tí YouTube fi ń dá orin olórin mọ̀, sì lè sọ pé orin náà kì í ṣe tiyín lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e síta gan-an. Kí òun náà fọwọ́ sí ìwé kékeré kan fún yín pé òun gbà kí ẹ lo orin òun, kí onígángan àti bàbá rẹ̀ sì fọwọ́ sí tiwọn, torí ilé wọn lẹ yà.